Orí Kẹrin: Kí Kọ̀ǹpútà Méjì Tó Lè Bára Wọn Sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnìkan tó jókòó ní Aládé, tó fi WhatsApp bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Odòde bóyá iná ti dé. Inú Ìdànrè kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ọ̀kadà ò ní pẹ́ gbé ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò ní gba ojú títì. Òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló máa kọ́kọ́ gbà á, á gba inú wáyà lọ bá àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Meta tó ni WhatsApp, kó tó padà wá sínú ìlú tó ti gbéra. Ẹni tó bá rántí 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 á mọ ohun tí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lè dà. Lọ́jọ́ náà, wáyà mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní apá Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà níbí, báńkì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà, ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ ń tẹ fóònù títí, kò lọ.

Iṣẹ́ tí orí yìí dá lé kò ní wáyà òkun kankan nínú. Ètò ìtàkùrọ̀sọ ni, irú èyí tí ọmọ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù lè jọ kọ nínú yàrá kan, tí ohun tí ọ̀kan bá tẹ̀ á hàn lójú kọ̀ǹpútà àwọn yòókù. Wi-Fi kékeré kan ti tó, ó sì lè jẹ́ hotspot orí fóònù. Dátà ò pọn dandan. Ohun tí hotspot ń ṣe ni pé ó ń so àwọn ẹ̀rọ mọ́ra. Bí wọ́n bá ti so mọ́ra, wọ́n lè máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn láìjáde sóde rárá. Ní ìlú tí àpáta yí ká bíi Ìdànrè, níbi tí òkè kan ti lè dúró sáàárín òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti ilé ẹni, kí ìgbì rẹ̀ má sì dé ẹ̀yìn, èyí kì í ṣe ohun à ń fojú kéré.

Ojú dúdú la máa ti ṣe é, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní terminal: kò sí bọ́tìnnì, kò sí àwòrán, ọ̀rọ̀ nìkan ni à ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló sì ń fèsì. Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ ọmọ kì í dùn sí i. Áàpù tó ní àwọ̀ mèremère ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n lè fi han ará ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwọ̀ á fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jiyàn lórí ibi tí bọ́tìnnì máa wà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò sì tíì kúrò lórí ẹ̀rọ kan dé orí èkejì. Ojú dúdú kì í jẹ́ kí èèyàn sá fún iṣẹ́.

Irú ètò báyìí ti pẹ́ láyé. Ní 1973, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Doug Brown àti David Woolley kọ Talkomatic fún ẹ̀rọ PLATO tó wà níbẹ̀. Èèyàn márùn-ún lè jọ wà lójú kan, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ń hàn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, débi pé bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀ tí o pa á rẹ́, gbogbo wọn ló rí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1988, Jarkko Oikarinen ní Yunifásítì Oulu ní Finland kọ IRC. IRC yìí làwọn èèyàn fi ń gbọ́ ìròyìn láti Moscow lọ́dún 1991, nígbà tí àwọn kan gbìyànjú láti gba ìjọba Soviet. Ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni 2go, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ẹni tó bá lo fóònù kékeré nígbà náà ní Nàìjíríà kò ní gbàgbé bí àwọn ọmọ ṣe ń fi ipò Master yangàn síra wọn. Dátà tí 2go ń jẹ nígbà náà kò tó nǹkan, ìdí rẹ̀ sì ni pé ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń gbé.

Ohun kan so gbogbo wọn pọ̀: kò sí èyí tó lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé àwọn tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ ti fẹnu kò lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti le, ibẹ̀ náà ló sì ti dùn. Kóòdù rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá mọ èdè kóòdù tó ń jẹ́ Python díẹ̀ lè kọ gbogbo rẹ̀ ní ìlà tí kò tó igba. Àdéhùn ló ń pẹ́.

Ẹ wo Òkè Ìdànrè fúnra rẹ̀. Nínú ìlú àtijọ́ tó wà lókè yẹn, tí àwọn ará ìlú gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, àwọn àmì kan wà lára àpáta tí àwọn afinimọ̀nà máa ń fi han àlejò tó bá fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 débẹ̀. Wọ́n jọ ìwé, kò sì sẹ́ni tó lè kà wọ́n. Àmì náà ṣì wà digbí. Ohun tí kò sí mọ́ ni àdéhùn tó wà láàárín ẹni tó fín wọn àti ẹni tó yẹ kó kà wọ́n. Bí báìtì, ìyẹn nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ̀rọ̀, ṣe ń rí lójú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni ò sọ àdéhùn fún náà nìyẹn.

Torí náà, kí àwọn ọmọ mẹ́ta yìí tó ṣí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n mú bébà. Kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kan lè sọ fún èkejì sílẹ̀, àti bí yóò ṣe sọ ọ́. Ó lè rí báyìí:

ORUKO ade
SO Ẹ káàárọ̀ o
LO

Ìlà kìíní ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fi ń sọ ohun tó ń jẹ́. Ìkejì ló fi ń sọ̀rọ̀. Ìkẹta ló fi ń dágbére. Olùgbọ́ àárín, tí à ń pè ní server, náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀:

WOLE ade
GBO ade Ẹ káàárọ̀ o
KO Orúkọ yẹn ti ní olóhun

Lẹ́yìn náà ni òfin kéékèèké tí kò sẹ́ni tó ń rántí àfi ìgbà tí nǹkan bá dàrú. Ibo ni ìlà kan ń parí sí? Lórí àmì tí bọ́tìnnì Enter ń fi sílẹ̀. Báwo ni ìlà ṣe lè gùn tó? Ẹ mú iye kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀; báìtì 512 ni ti IRC, pẹ̀lú àmì ìparí ìlà nínú rẹ̀. Kí ni server máa ṣe bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ kó tó dárúkọ? Tí ẹni méjì bá fẹ́ jẹ́ ade ńkọ́? Àríyànjiyàn lórí bébà yìí ni ẹ̀kọ́ tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, kí àgbà tó bá ń darí wọn má ṣe tètè bá wọn parí rẹ̀. Láti 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ kóòdù ti wọ ilé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ pé òun àti fídíò nìkan ni. Fídíò kì í jiyàn pẹ̀lú ẹni.

Nígbà tí bébà bá ti dúró, kí wọ́n pín iṣẹ́. Ọ̀kan á kọ server, èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan tó sì ń pín in fún àwọn yòókù. Ìkejì á kọ client, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìkẹta ńkọ́? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbìyànjú láti ba iṣẹ́ àwọn méjì yòókù jẹ́. Kó fi orúkọ tí kò ní lẹ́tà kankan ránṣẹ́. Kó fi ìlà tó gùn bí ìwé ìròyìn ránṣẹ́. Kó sọ SO láìsọ ohunkóhun tẹ̀lé e. Kó pa ẹ̀rọ rẹ̀ lójijì. Kò tilẹ̀ nílò client kó tó bẹ̀rẹ̀: nc, irinṣẹ́ kékeré kan lórí Linux, máa jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìlà ránṣẹ́ sí server ní tààràtà. Mo ti rí i pé ọmọ tó dákẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ sábà máa ń mọ iṣẹ́ yìí ṣe jù.

Tó bá jẹ́ laptop kan ṣoṣo ló wà, iṣẹ́ ò dúró. Server á wà lórí laptop, client á wà lórí fóònù Android, nínú Termux, áàpù kan tó ń sọ fóònù di ojú dúdú tí Python lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Python fúnra rẹ̀, bíi 30MB ni fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e sórí Windows. Kí ẹnìkan gbà á lẹ́ẹ̀kan, kó fi flash pín in fún àwọn tó kù.

Kóòdù yẹn náà, flash lè gbé e. Git, ètò tó ń tọ́jú kóòdù tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń kọ, tí Linus Torvalds kọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé GitHub ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Ẹ lè dá ibi ìkó-kóòdù-sí sórí flash pẹ̀lú àṣẹ git init --bare, kí kálukú máa gbé tirẹ̀ síbẹ̀ kó sì máa gba ti ẹlòmíràn níbẹ̀. Bí ẹni méjì bá tún ìlà kan náà ṣe, Git ò ní yan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Á fi ìlà méjèèjì hàn, á ní kí ẹ jókòó yanjú rẹ̀. Inú máa ń bí àwọn ọmọ sí i nígbà àkọ́kọ́.

Ó ku bí ẹ̀rọ ṣe máa rí ara wọn. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wà lórí Wi-Fi kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Lórí Windows, àṣẹ ipconfig ló ń fi í hàn. Lórí Linux, ip addr ni. Lẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀rọ ni nọ́ńbà port, tó ń sọ ètò tí ọ̀rọ̀ náà wà fún nínú ẹ̀rọ yẹn, nítorí ètò púpọ̀ lè máa retí àlejò lẹ́ẹ̀kan náà. Port kò ju 65535 lọ. Ẹ mú èyí tó bá lé ní 1024, nítorí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ní oníṣẹ́ tí a mọ̀ wọ́n mọ́. Ibi kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ń kọ server á ní kó máa retí àlejò ní 127.0.0.1, á dán an wò lórí laptop rẹ̀, á ṣiṣẹ́ dáadáa, inú gbogbo wọn á dùn. Bí wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀ láti orí fóònù, kò ní gbà. Ìdí ni pé 127.0.0.1 túmọ̀ sí èmi fúnra mi. Server tó ń retí níbẹ̀, ará ilé nìkan ló ń dá lóhùn. 0.0.0.0 ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kó lè dá ará ìta náà lóhùn. Bí kò bá tún gbà, kí wọ́n wo firewall Windows, tó máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá kí Python gbàlejò, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń sọ pé rárá láìkà á.

Wàyí o, a dé ibi tí ètò ìtàkùrọ̀sọ àkọ́ṣe ti sábà máa ń ṣubú. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, TCP, ni Vint Cerf àti Bob Kahn gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní 1974. Ó ṣèlérí nǹkan méjì: báìtì kan ò ní sọnù, wọn ò sì ní yí ipò padà. Kò ṣèlérí ẹ̀kẹta tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rò pé ó ṣe, ìyẹn pé ohun tí mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló máa dé lẹ́ẹ̀kan. Ade lè fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ kíákíá, kí server sì gbà wọ́n papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sì lè fi ìlà kan ránṣẹ́, kó dé ní àbọ̀ méjì. Nínú yàrá kan, lórí laptop kan, èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀, ohun tó sì mú kó burú nìyẹn: á ṣiṣẹ́ lójú olùkọ́, á bàjẹ́ lọ́jọ́ tí Wi-Fi bá ń fà.

Àwọn ìlà wọ̀nyí ni oògùn rẹ̀, nínú server:

def gbo(ona):
    apo = b""
    while True:
        eyo = ona.recv(1024)
        if not eyo:
            break
        apo = apo + eyo
        while b"\n" in apo:
            ila, apo = apo.split(b"\n", 1)
            sise(ona, ila.decode("utf-8"))

Ẹ fara balẹ̀ kà á. Gbogbo báìtì tó bá dé, inú àpò ló ń bọ́ sí. Server kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú àpò àfi bó bá rí àmì Enter, èyí tí Python ń kọ báyìí: \n. Tó bá rí i, á gé ìlà kan kúrò, á fi ìyókù sílẹ̀ nínú àpò di ìgbà mìíràn, á sì fi ìlà tó gé fún sise, ibi tí àwọn ọmọ máa kọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ORUKO, SO àti LO sí. Bí ìlà mẹ́ta bá dé pọ̀, while kejì á gé wọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí àbọ̀ bá dé, á dúró de àbọ̀ kejì. Bí recv bá sì mú òfo wá, ẹni yẹn ti dágbére, kí server jáde nínú iṣẹ́ náà. Òfin orí bébà tó sọ ibi tí ìlà ń parí sí ló mú kí gbogbo èyí ṣeé ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn tí a ti gé ìlà ni decode, ìyẹn sísọ báìtì di lẹ́tà, wáyé. Ẹni tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣeré lè yí gígé àti decode padà sẹ́yìn síwájú, kó má sì rí aburú kankan. Yorùbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká mú Ẹ káàárọ̀. Ojú èèyàn á ka lẹ́tà méje. Python á ka mẹ́sàn-án, nítorí ó ka àlàfo àárín, ó sì ka àmì ohùn tó wà lórí ọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Bí ó bá sì fẹ́ gba orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọjá, báìtì 17 ni: Ẹ nìkan jẹ́ mẹ́ta, á jẹ́ méjì, ọ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Bí ìlà bá wá pín sí méjì láàárín ọ̀, tí server sì yára túmọ̀ àbọ̀ tó kọ́kọ́ dé, UnicodeDecodeError ló máa gbé sókè, á sì kú síbẹ̀. UTF-8, ètò kíkọ tí Ken Thompson àti Rob Pike ronú kàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, ti rò ó tẹ́lẹ̀: báìtì tó dúró fún Enter kò lè fara hàn láé nínú ikùn lẹ́tà mìíràn. Ẹni tó bá gé níbi Enter kó tó túmọ̀ kò lè gé ọ̀ sí méjì.

Bí client kan bá ń fi UTF-8 kọ̀wé, tí èkejì sì ń fi cp1252 àtijọ́ ti Windows kà á, Ìdànrè á di ÃŒdÃ nrÃ¨. Àwọn ọmọ á ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Kò sí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Kí wọ́n kọ utf-8 sórí bébà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú gbogbo encode àti decode tó wà nínú kóòdù.

Èyí tó tún fara sin ju èyí lọ ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ Ìdànrè, kí méjèèjì sì rí bákan náà lójú. Nínú ọ̀kan, Ì jẹ́ odindi lẹ́tà kan. Báìtì mẹ́sàn-án ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nínú èkejì, I dá wà, àmì ohùn sì tẹ̀lé e. Ó di 12. Kíbọ́ọ̀dù ló ń fa ìyàtọ̀ náà. Torí náà ẹni méjì lè wọlé, kí àwọn méjèèjì máa jẹ́ Adé, kí server sì búra pé orúkọ wọn kò jọra. Python ti ní oògùn rẹ̀ nínú ilé: unicodedata.normalize("NFC", oruko), kí ẹ ṣe é fún gbogbo orúkọ tó bá wọlé kí ẹ tó fi í wé òmíràn. Ìdí rèé tí mo fi kọ ORUKO àti GBO láìsí àmì kankan nínú àdéhùn wa: ọ̀rọ̀ àṣẹ ni wọ́n, ó yẹ kí báìtì wọn rí bákan náà láti orí kíbọ́ọ̀dù èyíkéyìí. Ohun tí èèyàn ń sọ síra wọn ni kó gba àmì tó péye, ẹni tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ò bá sì lè tẹ̀ ẹ́ lè gba kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí YorubaName.com gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti client, wàhálà rẹ̀ ni pé ó ní etí àti ẹnu, Python sì ń ṣe ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ètò bá ń dúró de ohun tí èèyàn máa tẹ̀, kò lè gbọ́ ohun tí server ń sọ. Bí ó bá ń gbọ́, kò lè gba ohun tí èèyàn ń tẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí thread kan, ìyẹn ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, máa gbọ́, kí òmíràn máa gba ọ̀rọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Kíákíá ni wọ́n máa rí ohun tí kò dáa: Ade ń tẹ ìlà rẹ̀ lọ, kò tíì parí, ọ̀rọ̀ Tolu, ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀, wọlé, ó sì bọ́ sáàárín ohun tí Ade ń tẹ̀. Ìyẹn ni Talkomatic ṣe fún kálukú ní àyè tirẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ìyẹn náà sì ni ètò talk ti Unix ṣe pín ojú dúdú sí òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fara da á fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá sú wọn, patch_stdout wà nínú prompt_toolkit, àfikún Python kan, tó máa tún un ṣe.

Thread tún ń gbé nǹkan mìíràn wá sí ọ̀dọ̀ server. Bí ẹnìkan bá ń jáde kúrò nínú àkójọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ ní àsìkò kan náà tí ẹlòmíràn ń ka orúkọ láti pín ọ̀rọ̀, server lè fo ẹnìkan dá. threading.Lock ló ń mú kí wọ́n tò.

Iná mọ̀nàmọ́ná náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì kàn wá ju àwọn tó kọ ìwé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ní ìlú òyìnbó lọ. Ẹni tó bá tẹ LO ti dágbére. Ẹni tó bá pa client rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ á bá a dágbére, recv á mú òfo wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí bátìrì laptop rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé iná NEPA ló gbé e dúró, tí wọ́n sì mú iná lọ ńkọ́? Ẹ̀rọ yẹn kò rí àyè sọ ohunkóhun. Lójú server, Ade ṣì wà níbẹ̀, ó kàn dákẹ́ ni. TCP ní ọ̀nà tó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n bí a kò bá ní kó ṣe é, kì í ṣe é. Bí a bá sì ní kó ṣe é lórí Linux, á dúró fún wákàtí méjì gbáko kó tó béèrè, àfi bí a bá yí i padà. Ìyẹn ni IRC ṣe ní PING àti PONG: server á fi PING ránṣẹ́ lóòrèkóòrè, client á dá PONG padà, ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta wa á padà sídìí bébà, wọ́n á fi ìlà méjì kún un:

SE O WA
MO WA

Wọ́n á sì tún jiyàn lórí iye ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kí server fi dúró de ìdáhùn.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bíbàjẹ́ á ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó kọ òfin fún. Á dúró kí Ade jáde, á wọlé pẹ̀lú orúkọ ade, á sì máa bá Tolu sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ade ni. Kò sí ohun kan nínú àdéhùn wa tó sọ pé ade lónìí ni ade àná. IRC ti 1988 náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Páswọ́ọ̀dù ló máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn: kí a fi ASINA kún ORUKO. Kí wọ́n má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo báìtì tí a ti ń fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí, ìhòòhò ló ń rìn. Ẹni tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà, tó ní Wireshark, ètò tó ń ka ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, lórí laptop rẹ̀, lè rí wọn gbà lójú afẹ́fẹ́ kó sì kà wọ́n bí ìwé, páswọ́ọ̀dù náà á sì wà láàárín wọn. ssl, tó ti wà nínú Python láìsí pé a ń gbà á láti ibòmíràn, ló ń dì wọ́n ní èdìdì kí wọ́n tó jáde lórí ẹ̀rọ. Òun ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ASINA tó tẹ̀lé e. Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà ATM ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ lórí rẹ̀.